"3.0" mẹ́ta, "4.2" mẹ́rin: bí ẹ ṣe máa dá ẹ́ńjìnnì jíìpù dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ mọ̀ kí ẹ tó sanwó

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra Hilux kan tí màá máa fi kó ẹ̀gẹ́ láti oko. Wọ́n lẹ D-4D, àmì dísẹ́ẹ̀lì onítọ́bò ìgbàlódé ti Toyota, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń dán yanran. Alágbàtà tó mú mi dé ìdí ọkọ̀ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, 3.0 ni, tọ́bò ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti lọ nìyẹn." Mo sanwó, mo tẹ̀ ẹ́, kò lọ ibì kankan. Òkè kan wà lójú ọ̀nà Ìséyìn tí kò tiẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń pè ní òkè. Jíà kejì la fi gùn ún, tí tírélà ń fun fèrè mọ́ wa lẹ́yìn. Ìgbà tí mẹkáníìkì mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi tọ́bò hàn mí."

Kò sí tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì kó lè ní ipá sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ 5L ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ṣe é fọkàn tán ni o, àmọ́ owó 5L kọ́ ni mo san. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé alágbàtà yẹn kò purọ́ tán: 3.0 ni lóòótọ́.

Lára Toyota dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tó ń wọlé wá láti Yúróòpù àti Japan, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tí kò jọra wọn rárá ló ń jẹ́ "3.0". Mẹ́rin ló ń jẹ́ "4.2". Bí ẹnì kan bá ń dárúkọ lítà fún yín, ẹ máa kí i pé ó ṣeun, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Lítà kì í sọ bóyá tọ́bò wà níbẹ̀, kì í sọ bóyá kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo, kì í sì í sọ iye tí nọ́sù kan (irin tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì) máa ná yín lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́tà ló ń sọ ọ́. Toyota ni ọ̀rọ̀ mi máa dá lé jù. Màá fọwọ́ kan Pajero ti Mitsubishi àti Patrol ti Nissan kí n tó dákẹ́.

Ẹ ka páànù kí ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì

Bí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín, ojú yín á fẹ́ lọ sórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi ọṣẹ àti kẹrosíìnì fọ̀ títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ wo ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ Land Cruiser, Prado àti Hilux àtijọ́, páànù pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Èérí á ti bò ó. Ẹ ti àkísà bọ kẹrosíìnì díẹ̀, kí ẹ nù ún jẹ́jẹ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, torí lẹ́tà ara àwọn kan kò jinlẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí kò ju ìlà mélòó kan lọ: MODEL, ENGINE, FRAME NO., lẹ́yìn náà àwọn lẹ́tà tó jẹ mọ́ àwọ̀ ọ̀dà àti jíà.

Ká ní ìlà MODEL bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HZJ80L. HZ ni ẹ́ńjìnnì, ìyẹn 1HZ. J ni Land Cruiser. 80 ni irú ara tí ọkọ̀ náà gbé wọ̀. L ní apá òsì ni sítíárìn wà. Ká ní R ni, apá ọ̀tún nìyẹn. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ sí ìlà ENGINE: ẹ ó bá 1HZ níbẹ̀ àti 4164 cc, ìyẹn lítà 4.2. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu, ẹ ti mọ ohun tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde. Ẹ kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lónìí o. Ìyẹn ń bọ̀.

Orúkọ ẹ́ńjìnnì Toyota ní bí wọ́n ṣe ń kà á. Nọ́ńbà iwájú ń sọ ipò rẹ̀ nínú ìdílé rẹ̀, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ìdílé náà fúnra rẹ̀. Àmì kékeré tó wà láàárín ni kí ẹ ṣọ́ jù, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni owó wà. T ni tọ́bò. E ni pé iná àti kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo. F, lára àwọn dísẹ́ẹ̀lì tí à ń sọ yìí, máa ń bá fáàfù mẹ́rin-mẹ́rin lórí pístìn kọ̀ọ̀kan rìn. V ni common rail, ìyẹn àwọn tí epo wọn ń dúró sínú ọ̀pá irin kan pẹ̀lú agbára ńlá kí nọ́sù tó tú u jáde. Nítorí náà 1HD-T àti 1HD-FTE, ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ ẹni tó bá ń tún àkọ́kọ́ ṣe pẹ̀lú sípánà nìkan á nílò kọ̀ǹpútà fún ìkejì.

Àwọn lẹ́tà kan ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Bí MODEL bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HZJ, 1HZ ni. PZJ, 1PZ ni, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún (ìyẹn pístìn márùn-ún), 3469 cc. KZJ lára Land Cruiser àti Prado, tàbí KZN lára Hilux àti Surf, ìdílé 1KZ ni. KDJ, 1KD ni. Àwọn mìíràn ń sọ àbọ̀. LN lára Hilux kàn ń sọ pé ìdílé L ni: ó lè jẹ́ 2L, ó lè jẹ́ 3L, ó lè jẹ́ 5L. Ìlà ENGINE ló máa yanjú rẹ̀: 2446 cc ni 2L, 2779 ni 3L, 2986 ni 5L. KUN àti KDN náà ń sọ àbọ̀, torí 2KD tó jẹ́ 2494 cc àti 1KD jọ ń lò wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni HDJ80, tí 1HD-T àti 1HD-FT jọ jẹ́ tirẹ̀.

Bí páànù bá wá sọ pé FZJ, UZJ tàbí VZJ, tí dísẹ́ẹ̀lì sì ń ké gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Bẹntiróòlù ni gbogbo àwọn yẹn látilé wá.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn kì í ní nọ́ńbà ṣáásì oníka mẹ́tàdínlógún tí a mọ̀. Tiwọn kúrú: HDJ81, àmì kékeré, lẹ́yìn náà nọ́ńbà méje. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wọ́n ti gé e. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Àwọn 3.0

Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbí, torí ibí ni wọ́n ti ń lu èèyàn jù.

| | 5L | 1KZ-TE | 1KD-FTV |
|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n | 2986 cc | 2982 cc | 2982 cc |
| Tọ́bò | kò ní | ó ní | ó ní |
| Fáàfù | 8 | 8 | 16 |
| Ẹni tó ń wọn epo | pọ́ǹpù lásán | pọ́ǹpù tí kọ̀ǹpútà ń darí | common rail |
| Lẹ́tà páànù | LN | KZJ, KZN | KDJ, KUN, KDN |

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. 1KZ-TE àti 1KD-FTV kò fi cc kan ṣoṣo jura wọn lọ, nítorí pístìn wọn fẹ̀ bákan náà, wọ́n sì ń rin ìrìn kan náà: 96 lọ́nà 103 mìlímítà. Èyí ló ń fún alágbàtà ní ẹnu. Á ní "3.0 tọ́bò," òótọ́ ló sọ, àmọ́ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ọgbọ́n ẹ̀rọ ló wà láàárín méjèèjì.

Kí ẹ tó mú tọ́ọ̀ṣì, ìdánwò kan wà tí kò náwó. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kó máa tẹ tìróótù kó sì máa fi í sílẹ̀. Ẹ dúró síwájú, kí ẹ tẹjú mọ́ pọ́ǹpù epo, òun ni irin tí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń jáde lọ sídìí nọ́sù. Bí apá irin kékeré kan lára pọ́ǹpù bá ń gbéra tó ń padà, tí wáyà irin láti ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń fà á, pọ́ǹpù àtijọ́ tí ọwọ́ mẹkáníìkì mọ̀ nìyẹn. 5L máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, 1KZ-T náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ (ẹ̀gbọ́n 1KZ-TE ni, kò ní E). Bí kò bá sí ohun tó mira lára pọ́ǹpù, tí ìdì wáyà iná nípọn sórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́ nìyẹn: 1KZ-TE ni. Bí ẹ bá sì rí ọ̀pá irin nínípọn kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́pù sìlíńdà, tí páìpù irin kúkúrú mẹ́rin ti ara rẹ̀ bọ́ sórí nọ́sù mẹ́rin, common rail rèé, 1KD tàbí 2KD. Ìdérí ike lè bò ó. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣí ìdérí ike, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ní ti ìwà: 5L lọ́ra bí ìgbín, kò ní mú yín sáré, àmọ́ kò ní kọ̀ yín sílẹ̀ lóko. Dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá rí ló ń mu. 1KZ-TE dùn ún wà, ó ní ipá láti ìsàlẹ̀, ara Prado 90 sì bá a mu gan-an. Ẹ̀dùn rẹ̀ kan ni tọ́pù sìlíńdà. Bí omi bá ti gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, tọ́pù yẹn lè là, ọ̀pọ̀ èyí tó ń dé sọ́dọ̀ wa sì ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Mo máa ń dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ẹni tó ni ín tó bọ́jú. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì: ó gbọ́dọ̀ tutù. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti jí i dè mí. Mo ṣí rẹdíétọ̀, mo wo omi: àwọ̀ rẹ̀, bóyá ọ̀rá ń léfòó lójú rẹ̀. Mo dé e padà, mo ní kí wọ́n sítáàtì, mo sì di họ́ọ̀sì òkè rẹdíétọ̀ mú. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó yẹ kó rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí omi kò tíì gbóná. Bó bá le gbandi mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó ṣì tutù, atẹ́gùn iná ló ń wọnú omi. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni, tàbí tọ́pù fúnra rẹ̀. Mo ti fi ọ̀nà yìí kọ Prado méjì sílẹ̀, ìkejì jẹ́ funfun tó wù mí dọ́kàn.

1KD-FTV ló lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì ń ṣọ́ epo mu. Àmọ́ nọ́sù rẹ̀ kò fẹ́ eré. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti da omi tàbí kẹrosíìnì sí á pa á, owó rẹ̀ sì ń dunni. Ohun kejì ni òrùka bàbà tó wà nídìí nọ́sù: bó bá jò, èéfín iná á máa wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì á máa dì bí ọ̀dà, títí á fi dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa ọ́ìlì mu nísàlẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ọ́ìlì dúdú kò burú, dísẹ́ẹ̀lì kúkú ni. Bó bá jẹ́ pé èédú ló lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ìdí ìkòkò àsáró, ẹ bọ́ sọ́kọ̀ yín kí ẹ máa lọ.

Àwọn 4.2

Níhìn-ín, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni cc wọn jẹ́ 4164, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni gbogbo wọn, bẹ́líìtì táímìn sì ni gbogbo wọn ń lò. 1HZ, 1HD-T, 1HD-FT, 1HD-FTE. Láti 1990 ni 1HZ àti 1HD-T ti wà; 1HD-FT dé ní 1995, 1HD-FTE dé ní 1998 pẹ̀lú Land Cruiser 100.

1HZ ni kò ní tọ́bò. Nínú tirẹ̀, epo kọ́kọ́ ń wọ yàrá kékeré kan nínú tọ́pù sìlíńdà, ibẹ̀ ló ti ń gbiná kó tó bọ́ sórí pístìn. Nínú àwọn 1HD, orí pístìn ni epo ń tú sí tààrà. Nítorí náà ni 1HZ ṣe ń mu epo ju bó ṣe yẹ kó mu fún iye ipá tó ń fúnni. Ipá rẹ̀ wà ní nǹkan bí ẹṣin 130. 1HD-T gòkè dé bíi 160, 1HD-FT bíi 170, 1HD-FTE tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù dé 204. Ẹni tó bá ti wa 1HZ tó kún fún ẹrù gun òkè Ìdànrè, tó wá wa FTE lọ́jọ́ kejì, á rò pé ẹnì kan ló ń ti òun lẹ́yìn.

Síbẹ̀ 1HZ ni àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń fi sínú ọkọ̀ funfun wọn tó ń lọ sí ibi tí ọ̀nà ti tán. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo rẹ̀. Bí bátìrì bá kú lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́, àfi wáyà iná kan ṣoṣo tó ń ṣí epo sílẹ̀ ló kù tó nílò. Mẹkáníìkì abúlé tó mọ nọ́sù àti pọ́ǹpù lè bójú tó o títí ayé.

Láti dá 1HZ àti 1HD mọ̀, tọ́bò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àmọ́ kí ẹ má dúró níbẹ̀. Àwọn kan máa ń so tọ́bò mọ́ 1HZ lẹ́yìn tó ti jáde nílé iṣẹ́, wọ́n á wá pe é ní 1HD. Ẹ wo páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé: èyí tí Toyota ṣe máa ń jẹ́ irin dídà tó jókòó jẹ́jẹ́ sí àyè rẹ̀, èyí tí wọ́n so máa ń ní ojú ìjó, kílíìpù pọ̀ lára rẹ̀, họ́ọ̀sì rẹ̀ á sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí pupa. Ẹ padà sí páànù: HZJ kì í di HDJ nítorí pé tọ́bò dé. 1HZ onítọ́bò kì í ṣe èèwọ̀ bí ẹni tó so ó bá mọṣẹ́, àmọ́ ooru tọ́bò máa ń le fún yàrá kékeré tí mo sọ yẹn, ibẹ̀ ló sì ti máa ń là. Èmi ò ní rà á.

Ní ti Land Cruiser 100, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ iwájú. Bí irin àsíkà kan ṣoṣo bá nà láti táyà òsì dé táyà ọ̀tún, HZJ105 ni bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, 1HZ ló máa wà nínú rẹ̀. Bí táyà kọ̀ọ̀kan bá ní apá tirẹ̀ lọ́tọ̀, HDJ100 ni bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, FTE sì ni. Ara òde wọn jọra débi pé èèyàn lè máa fi ìkan pe ìkejì fún ọdún mẹ́wàá.

1HD-T àti 1HD-FT ló ṣòro jù láti yà sọ́tọ̀, torí HDJ80 ni méjèèjì. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bíláàkì lè dúró sórí 1HD láìsọ ìyókù. Ọdún ló máa ràn yín lọ́wọ́, ìwé kì í sì í sọ òótọ́ ọdún nígbà gbogbo. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀; aṣọ pélébé kan máa ń wà lára rẹ̀ tí wọ́n tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí. Ẹ wo ti awakọ̀, ẹ wo ti ẹ̀yìn. Bí gbogbo wọn bá sọ pé 1992, ẹni tó ní FT ni òun ń tà ní àlàyé láti ṣe. Ìyàtọ̀ wọn níye lórí: T ní fáàfù 12, FT ní 24, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó ń darí epo nínú méjèèjì. Fún èmi, FT ni àárín gbùngbùn tó dùn jù nínú ìdílé yìí. T ìbẹ̀rẹ̀ ní orúkọ burúkú kan lórí kọ́nrọ́ọ̀dù béárìn tó máa ń jẹ tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé; ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹ̀rí, ẹ fi owó rẹ̀ kún iye ọkọ̀. Láti abẹ́ ni wọ́n ti lè ṣe é, kò nílò kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀.

Bẹ́líìtì táímìn: iná T-BELT kan wà níwájú awakọ̀ tó máa ń tàn bí ọkọ̀ bá ti rìn tó 100,000 kìlómítà lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má tìtorí pé kò tàn kí ẹ sùn. Ó ṣe é pa láìpààrọ̀ bẹ́líìtì kankan. Ẹ ra ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó parí. Bó bá já, fáàfù àti pístìn á pàdé.

Nígbà tí páànù àti ẹ́ńjìnnì kò bá sọ̀rọ̀ kan náà

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára bíláàkì, níbi tí irin ti tẹ́jú tó sì mọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà á wá tẹ̀ lé e. Ẹ nù ún, kí ẹ fi ìka ra á. Irin ilé iṣẹ́ máa ń dán bákan náà yí ká. Bí ẹ bá rí ojú fáìlì tàbí ibi tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀, tí nọ́ńbà sì wọ́, ẹ dúró. Ẹ fi wé ti ìwé ọkọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pààrọ̀ ló burú. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé láti ọjà Ládìípọ̀ l'Ékòó tàbí Àrárọ̀mí nílùú Ìbàdàn lè dára ju èyí tó bá ọkọ̀ wá lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí òun lẹ máa fi máa ra ẹ̀yà ara, òun ni wọ́n á sì bi yín lójú ọ̀nà.

Lẹ́tà R tí mo dárúkọ lókè: bí páànù bá sọ R, tí ẹ sì jókòó sí apá òsì láti wa ọkọ̀ náà, wọ́n ti yí sítíárìn rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan máa ń gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún un, mo ní kí ẹ gbé e sókè kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin.

Ohun kan tún máa ń da àwọn réwáyà láàmú: bátìrì méjì. Bátìrì méjì kò túmọ̀ sí pé iná ọkọ̀ jẹ́ 24. Ọ̀pọ̀ Land Cruiser dísẹ́ẹ̀lì so méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí iná fi jẹ́ 12 síbẹ̀. Àwọn kan láti Japan sì jẹ́ 24 lóòótọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo mọ ẹnì kan tó so rédíò 12 mọ́ 24. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

Pajero àti Patrol, ní ṣókí

Pajero àtijọ́ tó ti Japan wá: bí páànù bá sọ V44, ẹ́ńjìnnì 4D56 ni, 2477 cc, oníbẹ́líìtì; bó bá sọ V46, 4M40 ni, 2835 cc, oníṣéènì. Bí ẹ bá fẹ́ Pajero, ẹ mú ìkejì, ṣéènì rẹ̀ á fún yín láyè láti mí.

Patrol: TD42 ni ọba wọn, 4169 cc, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, jíà irin ló fi ń yí fáàfù, kò sí bẹ́líìtì tó máa já. Ẹni tó bá ń wá alátakò fún 1HZ, òun rèé. RD28 tó jẹ́ 2826 cc náà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ara Patrol wúwo jù fún un. ZD30, 2953 cc, òun náà ń jẹ́ "3.0" o, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ lókìkí fún pístìn tó ń lu ihò. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá láyà.

Ẹ wá mú èwo?

Bó bá jẹ́ oko ni, tí ọ̀nà kò dára, tí epo ń ti inú jẹ́ríkánì wá, tí mẹkáníìkì tó sún mọ́ yín jùlọ kò ní kọ̀ǹpútà: 5L fún Hilux, 1HZ fún Land Cruiser. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò yára. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ti Ìbàdàn lọ Àbújá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí ẹ ní ibùdó epo tí ẹ fọkàn tán, 1HD-FTE kò ní ẹlẹgbẹ́, 1KD-FTV sì tẹ̀ lé e fún ẹni tí owó Land Cruiser 100 kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí 1HD-FT tó mọ́, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. 1KZ-TE, ẹ rà á bí họ́ọ̀sì bá rọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ pààrọ̀ rẹdíétọ̀ àti tẹmọsítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan. 2L-T, ìyẹn 2L onítọ́bò inú àwọn Land Cruiser kékeré tó ń jẹ́ LJ70, ẹ fi í sílẹ̀. Tọ́pù tirẹ̀ tún yára là ju ti 1KZ lọ.

Hilux 5L mi yẹn ṣì wà. Ẹ̀gẹ́ ló ń kó títí dòní. Mo ti fi ìka ṣí D-4D kúrò lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ gúlúù rẹ̀ kò tán, bí oòrùn ọ̀sán bá ti ràn sí i, ẹ ṣì lè ka àwọn lẹ́tà náà lára ọ̀dà.